Ìwé Rìn fún Ọjọ́ Mẹ́sàn-án, Bàbá Mi Rìn fún Ọjọ́ Kan

Ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí gùn díẹ̀. Ẹ wá àga jókòó, ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ bá mi kà á dópin.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa wá bá mi. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí fóònù tó dé, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ara ẹni tó wà lọ́nà jíjìn le?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Lẹ́tà là ń kọ." Ó ní, "Tí lẹ́tà náà bá wá pẹ́ lọ́nà ńkọ́?"

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ó bá mi délé, ó bá mi jẹun alẹ́, ó bá mi dé orí ibùsùn. Mo wá sọ fún un pé màá kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí, kí gbogbo wa lè jọ kà á. Òun nìyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn bàbá wa. Kí òyìnbó tó dé, Yorùbá kì í ṣe odi. Àwọn bàbá wa ń pa àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n á so owó ẹyọ mọ́ okùn, wọ́n á fi rán ọmọ lọ sí ìlú kejì. Bí owó ẹyọ bá jẹ́ mẹ́fà, ó túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tó ránṣẹ́ sí, nítorí ẹ̀fà àti fífà jọra lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, wọ́n ti ṣọ̀kan. Ọmọ tó gbé e lọ lè má mọ ohun tó gbé dání, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á mọ̀. Ẹ fi àrokò yìí sọ́kàn o, a máa padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Ní ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1886, wáyà tó gba abẹ́ òkun dé Èkó, ọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti ìlú òyìnbó wá di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá. Ní ọdún 1907, ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, ó sì gba ìlú wa, Ìkìrun, kọjá lọ sí Ọ̀fà. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ìyá wa ló lè tẹ wáyà? Ní tiwa, awakọ̀ la ń rán níṣẹ́, ẹsẹ̀ sì ni fóònù wa.

Ọdún 1969 ni wọ́n bí mi. Nígbà tí mo dàgbà tó láti mọ nǹkan, ìyàwó ilé tó lé ní mẹ́wàá ló wà ní agboolé wa, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀wé kà. Mo ti wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì lè ka Bíbélì Yorùbá geere. Bí mo ṣe di akọ̀wé agboolé nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Bí lẹ́tà bá dé láti Èkó, láti Kánò, láti Jọ́ọ̀sì, wọ́n á ní, "Ẹ lọ pe akọ̀wé wá." Ojú eré tí mo bá ń ṣe ni wọ́n á ti wá mú mi. Ẹ̀bùn mi lè jẹ́ ẹ̀pà, ó lè jẹ́ ẹran kékeré kan látinú ìkòkò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ọjọ́ orí mi mọ bí lẹ́tà ìgbà náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ìdí pàtàkì tí mo fi kọ ìwé yìí ni láti fi béèrè àlàáfíà yín, bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ nípa tiwa níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tí ebi ń pa á kọ ọ́. Ẹni tó wà lórí àìsàn á kọ ọ́. Ìgbà tí ó bá dé ìsàlẹ̀ ìwé kó tó sọ pé òun nílò náírà márùn-ún.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé fún ìyá àgbà kan láti òkè ọya. Mo já a, mo gbóhùn sókè bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń kà á lọ geere. Mo dé ìlà kẹta kí n tó mọ̀ pé ikú ni ìwé náà gbé wá. Ọmọ ìyá náà ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Ẹnu mi sì ti sọ ọ́! Ìyá náà ṣubú lulẹ̀ níbi tó jókòó sí. Títí dòní, mo ṣì ń gbọ́ igbe rẹ̀.

Bàbá mi mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Mo rò pé ó máa nà mí ni. Kò nà mí. Ó ní, "Tí o bá gba ìwé, kọ́kọ́ fojú kà á tán kí o tó fẹnu kà á. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fojú kà á tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wúwo, màá ká ìwé náà, màá ní mo fẹ́ lọ mu omi, màá sì lọ pe bàbá mi. Bàbá mi á ránṣẹ́ pe àwọn àgbààgbà. Wọ́n á wá jókòó ti onítọ̀hún, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kó tó gbọ́ ọ, ọwọ́ mẹ́rin ti wà nílẹ̀ tó máa dì í mú.

Mo sọ ìyẹn nítorí ohun tójú wa ń rí lónìí. Arábìnrin kan tí mo mọ̀ ṣí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí WhatsApp ẹlòmíràn, àbẹ́là ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà. Bó ṣe gbọ́ nìyẹn. Òun nìkan, nínú ọkọ̀ èrò, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Ẹni tó gbé fọ́tò náà síbẹ̀ kò ní èrò búburú o, ó fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ni. Àmọ́ kò sí ẹni tó mú un lọ sẹ́yìn ilé rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Rédíò náà wà nígbà èwe mi. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Rediffusion ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àpótí kan ni wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri, wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀, ohun tí wọ́n bá fún ọ lo máa gbọ́. Àwọn àgbà wò ó títí, wọ́n ní, "Èyí ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì." Wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí rédíò oníbátìrì dé, orúkọ yẹn bá a lọ. Bàbá mi ní ọ̀kan. Lálẹ́, á gbé e síta, gbogbo agboolé á sì yí i ká. Bí bátìrì bá rọ, àwa ọmọdé á sá a sóòrùn kó lè tún rí agbára díẹ̀.

Amóhùnmáwòrán ńkọ́? Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ilé kan ṣoṣo ló ṣì wà, ilé ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ọjọ́ tí Nàìjíríà bá Àlùjéríà gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè, kò sí àyè fún eṣinṣin nílé bàbá yẹn. Èmi dúró lójú fèrèsé, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ọ̀kan. Mẹ́ta sí òdo! Tí wọ́n bá gbá a wọlé, ẹni tó wà nínú yàrá á pariwo, àwa ojú fèrèsé á pariwo, àwọn tó wà lójú títì tí wọn ò rí nǹkankan náà á pariwo. Lónìí, ọmọ mẹ́ta ló wà nílé mi, fóònù mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù kan náà. Ẹnì kan á pariwo, ẹnì kejì á ní, "Má sọ fún mi, tèmi kò tíì débẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sí Jámánì ní ọdún 1982. Kì í kọ lẹ́tà púpọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń fi ránṣẹ́. Á sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, á fún ẹni tó ń bọ̀ nílé. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá dé, ìyá mi á wẹ̀, á wọ aṣọ tó mọ́, á jókòó síwájú ẹ̀rọ bí ẹni tó lọ kí àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Màámi, ẹ kú ilé o." Ìyá mi á ní, "O káàbọ̀, ọkọ mi." Ó ń dá ẹ̀rọ lóhùn! Àwa ọmọdé á máa fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ̀gbọ́n mi mọ ìyá rẹ̀. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, lẹ́yìn tó bá ti kí i, á dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, á tún dákẹ́, kí ìyá wa lè ráyè ṣe àmín. Nínú yàrá kan ní Jámánì, ó dákẹ́ de àmín tí wọn ò ní ṣe títí oṣù kan. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ni, àmọ́ ẹni tó lò ó fi àyè sílẹ̀ fún èsì.

Mo ti ń sún mọ́ ìdáhùn ọmọbìnrin yẹn báyìí.

Ní ọdún 1986, mo wà ní Múṣín lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun kọlù mí, ó le débi pé n kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ lẹ́tà, ó fi rán awakọ̀ kan ní gáréèjì tó ń ná Ìkìrun. Ọkọ̀ awakọ̀ náà bàjẹ́ ní Ìbàdàn, ó dúró tún un ṣe, iṣẹ́ mìíràn tún gbé e gba ọ̀nà mìíràn, lẹ́tà sì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà náà lò kó tó dé ọwọ́ bàbá mi.

Káfíńtà ni bàbá mi. Bẹ́ẹ̀dì ìyàwó kan wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n máa wá gbé ní Sátidé, wọ́n sì ti san àsansílẹ̀ owó. Ìyá mi ni ó sọ èyí fún mi. Ó ní bí ọmọ àdúgbò ṣe ka lẹ́tà náà fún un tán, bàbá mi gbé ìfági sílẹ̀ sórí pákó, kò tilẹ̀ gbọn èèrún igi kúrò lára. Ó wọ ẹ̀wù. Ó yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ará ilé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó gbé e dé Ìbàdàn kò lọ sí Èkó mọ́ lóru yẹn, ó sùn sí gáréèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo la ojú, mo rí bàbá mi lẹ́bàá ẹní mi, àgbo nínú ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, èèrún igi nínú irun rẹ̀.

Ìwé rìn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bàbá mi rìn fún ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí fóònù. Kí ọdún 2001 tó wọlé, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, fún èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Tí o bá fẹ́ bá ẹni tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀, wàá lọ tò síbi tí wọ́n ti ń pe aago, wàá gbọ́ tẹni tó wà níwájú rẹ, wọ́n á gbọ́ tìẹ náà. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001 ni ìjọba gbé ìwé àṣẹ GSM sọ́jà, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Bí o bá sọ "Ẹ ǹ lẹ́" tí o gé e, náírà 50 ti lọ. Ìgbà tí Glo dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí àwọn obìnrin tó ń pe aago fún èèyàn lábẹ́ agboòrùn, tábìlì kékeré kan, àga kan, fóònù kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jáde iléèwé gíga lórí tábìlì yẹn.

Owó tó wọ́n yẹn ló bí fíláàṣì. Wàá tẹ nọ́ńbà, á dún lẹ́ẹ̀kan níbi tó ń lọ, wàá gé e kó tó gbé e. Ẹni tó rówó á pè ọ́ padà. Mo ra fóònù kékeré kan fún ìyá mi ní ọdún 2006. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n a jọ ṣe àdéhùn. Tó bá fíláàṣì mí lẹ́ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí pé "Mo jí ire o, má ná owó rẹ." Tó bá fíláàṣì mí lẹ́ẹ̀mejì, ó túmọ̀ sí pé "Pè mí."

Ṣé ẹ rí i? Àrokò nìyẹn! Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, kò ná kọ́bọ̀. Ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ fi owó ẹyọ ṣe, òun fi ẹ̀rọ òyìnbó ṣe é. Fún ọdún mẹ́wàá, òwúrọ̀ kì í mọ́ kí n má rí ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Mo lè wà lórí àdúrà, á kàn tàn fẹ́ẹ́, á kú. Màá mọ̀ pé ìyá mi ti jí.

Mo fẹ́ sọ ohun kan báyìí tí n kò sọ rí lórí pẹpẹ.

Ní ọdún 2017, a ń múra àjọ̀dún ìjọ wa. Ní ọjọ́ Ajé kan, a wà nínú ìpàdé, fóònù mi tàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bí ìpàdé bá parí, màá pè é. Ìpàdé parí, ẹlòmíràn pè mí. Ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ mọ́. N kò rí ẹ̀ẹ̀kan ti àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tilẹ̀ fura, nítorí WhatsApp ti kún ojú fóònù mi: ẹgbẹ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé wa àtijọ́, ẹgbẹ́ tí n kò mọ ẹni tó fi mí sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń gorí ọjọ́.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo tó pè é.

Ẹni tó gbé e kì í ṣe ìyá mi. Arábìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni. Ó ní, "Pásítọ̀, a ti ń retí yín." Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ìyá mi ṣubú ní ọjọ́ Ajé yẹn gan-an. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n gbé e padà sílé, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?" Ó ní, "Màámi ni kò jẹ́. Ìgbàkígbà tí a bá ní ká pè yín, wọ́n á ní, 'Mo ti pè é. Á pè mí.'"

Ẹ̀yin ará, láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ìgbà mẹ́rin ni mo kọ̀wé sórí ojú ewé yìí gan-an. Mo padà lọ wò ó. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí òfin tó ní ká bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá wa. Àwọn tó tẹ ọwọ́ "mo fẹ́ràn rẹ̀" sí i lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo wakọ̀ lọ sí Ìkìrun lọ́jọ́ náà. Wákàtí mélòó kan ni. Mo wólẹ̀ síwájú ìyá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ìpàdé, àjọ̀dún, àwọn àlejò. Kò bá mi jà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó lágbára gbé ti òsì sórí ẹsẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ bàbá rẹ náà lọ́jọ́ yẹn."

Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí tó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 2021.

Ẹ má gbọ́ mi ṣì o. N kò wá bú fóònù. Ọlọ́run kò bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ẹ ẹ̀ rí Ayọ̀ Babalọ́lá, ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni Ọlọ́run ti pè é ní ọdún 1928. Nígbà tí wọ́n ti Èkó pa ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, fóònù ni a fi jọ gbàdúrà. Mo rí àwọn opó tí wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ wọn lójoojúmọ́, tí ojú wọn rí ojú ọmọ-ọmọ wọn ní Kánádà. Bí fóònù bá wà ní ọdún 1986, bàbá mi ì bá ti dé ọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ kejì àìsàn náà. Ẹni tó bá ní kí a padà sí ayé lẹ́tà, bóyá onítọ̀hún kò ṣàìsàn ní Múṣín rí.

Ohun tí mo ń sọ rèé. Nígbà náà, ọ̀nà ló jìn. Ẹ̀rọ ti mú ọ̀nà kúrò. Tí mo bá wá pẹ́ lónìí, n kò lè sọ pé ọkọ̀ bàjẹ́ ní Ìbàdàn. Ọdún 1986, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìròyìn lò lọ́nà. Ọdún 2017, ìròyìn dé lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ni èmi lò. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá wa dín kù lójú ọ̀nà, àwa la tún fi kún un nínú ara wa.

Rédíò là ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì nígbà náà. Lónìí, ṣé kì í ṣe àwa gan-an ni? A ń gbé àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í dúró gbọ́ àmín ẹnì kankan. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé ara òun kò yá, àádọ́ta èèyàn á fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́, kò ní sí ẹni tó máa béèrè pé, "Ṣé o ti jẹun?" Àpọ́sítélì Jòhánù ní ìwé àti tádàwà lọ́wọ́, ẹ wo Jòhánù Kejì, ẹsẹ 12. Ó ní ohun púpọ̀ láti kọ, ṣùgbọ́n ó yàn láti dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n jọ sọ ọ́ lójúkojú. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Mo ti ṣe òfin mẹ́ta fún ara mi láti ọdún yẹn. Ẹ lè mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀. Èkíní, tí ẹni tó dàgbà jù mí lọ bá pè mí tí n kò gbé e, n kò ní sùn kí n má pè é padà. Èkejì, n kì í fi ọ̀rọ̀ ikú sórí fóònù kí àwọn tó ni òkú tó gbọ́ láti ẹnu èèyàn tó jókòó tì wọ́n. Ẹ̀kẹta, tí mo bá pe èèyàn, tí mo gbàdúrà fún un, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi.

Ọmọbìnrin mi, mo mọ̀ pé o máa ka èyí. O béèrè pé tí lẹ́tà bá pẹ́ lọ́nà ńkọ́? Ìdáhùn rẹ nìyí: nígbà tí lẹ́tà bá pẹ́, ẹni tó gbà á kì í pẹ́.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ "Àmín" sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ wo inú fóònù yín. Àwọn ìpè tí ẹ kò gbé wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n wọlé. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pè é ná. Àmín yín lè dúró dìgbà tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán.

Olúwa á bá wa ṣe é. Ó dàárọ̀ o.